Ẹ Yé Dá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Lẹ́bi

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di àdúrà àárọ̀ ní àwọn ọ́fíìsì ilẹ̀ yìí: "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Bàbá arúgbó tí ó wá béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì tún wọ ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan lápò rẹ̀. Ìyá tí ó fẹ́ gba àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ní báǹkì gbọ́ ọ. Oníṣirò owó tí ó yẹ kí ó ti parí ìṣirò ìparí oṣù láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn náà ń sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ béèrè ìgbà tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni yóò máa gbọ́ níbi púpọ̀: láti ìgbà tí wọ́n ti sọ sọ́fúwíà di tuntun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tí rìpọ́ọ̀tù kọ̀ láti jáde lórí rẹ̀ yìí kan náà ń ṣí àkọsílẹ̀ oníbàárà kan ṣoṣo kíá, kí ojú tó ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ara rẹ̀ kò yá, méjèèjì ni ì bá máa falẹ̀. Àwáwí lásán ni wọ́n fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní ẹnu tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Òtítọ́ tí wọn kò fẹ́ sọ ni pé àwọn tí ó ní àṣẹ lórí iṣẹ́ náà pààrọ̀ ohun tí wọn kò wọ̀n. Wọn kò kọ iye ìṣẹ́jú tí rìpọ́ọ̀tù ń gbà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún di iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti yí padà.

Ó yẹ kí ará ìlú mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má baà máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà wọ́n. Dátábéèsì ni àká tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí: orúkọ, iye owó, ọjọ́, àdírẹ́sì. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá béèrè rìpọ́ọ̀tù, kì í sọ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò gbà kó o jọ. Ohun tí ó fẹ́ nìkan ni ó ń sọ. Nínú dátábéèsì náà ni apá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yan ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á fi wé ẹni tí ó ń ṣètò ọkọ̀ fún àwọn oníṣòwò, tí wọ́n ní kí ó kó ìrẹsì láti Bódìjà lọ sí Ọjà Ọba ní Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ àpò kan péré, ọ̀kadà tó o, yóò sì tètè dé. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún àpò, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó di ẹrù sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣètò ọkọ̀ yìí kì í lọ wo ẹrù fúnra rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ iye àpò sí ni ó ń wò.

Bí ìwé náà bá wá sọnù ńkọ́? Bí ó bá sọ pé àpò kan ni, nígbà tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún? Ọ̀kadà ni yóò pè, ọ̀kadà náà yóò sì máa lọ, yóò máa bọ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan fún àpò kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀kadà náà kò bàjẹ́. Títì kò dí. Ẹni tí ó gùn ún kò ya ọ̀lẹ. Ìwé ni kò pé.

Dátábéèsì náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀: àkọsílẹ̀ iye, tí ó ń sọ bí ìlà inú tábìlì kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, àti bí àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣe pín. Ẹni tí ó bá wá orúkọ kan ṣoṣo kì í mọ̀ pé ìwé náà ti sọnù, nítorí pé ọ̀kadà tó fún àpò kan. Rìpọ́ọ̀tù, tí ó ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye ìlà jọ láti inú tábìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún, ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ka ìṣirò owó ni ó máa ń kígbe, tí àwọn tí ó wà lẹ́nu kaúńtà yóò sì máa ní kò sí nǹkan kan tí ó ṣe ẹ̀rọ.

Èyí kì í ṣe àṣírí awo. PostgreSQL jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn dátábéèsì tí ayé ń lò jù lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e láti ẹ̀dà kan sí òmíràn ni pg_upgrade. Títí dé ẹ̀dà 17, irinṣẹ́ yìí ń gbé dátà lọ, ṣùgbọ́n kì í gbé àkọsílẹ̀ iye lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀dà 18, tí ó jáde ní ọdún 2025, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: bí irinṣẹ́ náà bá ti parí iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà pé àkọsílẹ̀ iye kò tẹ̀ lé dátà, tí ó sì ń sọ àṣẹ tí wọn yóò tẹ̀ láti tún un ṣe. Àṣẹ kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá sáré ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, tí kò ka ìlà ìkẹyìn, ti fi ìyà àwọn ẹlòmíràn ra oorun ara rẹ̀.

Ti Microsoft gba ọ̀nà mìíràn wá. Nígbà tí SQL Server 2014 jáde, wọ́n ti tún ọgbọ́n tí ó fi ń fojú díwọ̀n iye ìlà kọ. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yá sí i, àwọn kan sì falẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dátà. Ilé iṣẹ́ náà kò dákẹ́ sí i. Wọ́n jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti gbé dátábéèsì lọ sórí ẹ̀dà tuntun, kí ó sì máa ronú bí ti àtijọ́ ná. Láti ọdún 2016 ni wọ́n sì ti fi Query Store sí i, tí ó ń ṣàkọsílẹ̀ ọ̀nà tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbà àti àkókò tí ó lò. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ ti àtijọ́ jọ, kí wọ́n tó yí ìrònú rẹ̀ padà sí tuntun, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Ọ́fíìsì mélòó ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ti MySQL tilẹ̀ tún rọrùn láti rí: ẹ̀dà 8.0, ti ọdún 2018, yọ àpò tí ó ń tọ́jú ìdáhùn ìbéèrè pamọ́ kúrò pátápátá. Ọ́fíìsì tí ó ti gbára lé àpò náà, tí ó ń béèrè rìpọ́ọ̀tù kan náà ní ìgbà ogún lóòjọ́, yóò wá máa ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ogún.

Kí ni àwọn ọ̀gá máa ń ṣe bí ariwo bá pọ̀? Wọ́n á ra sáfà tuntun. Ẹni tí ó ta sọ́fúwíà yóò ní ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gbé e mọ́, wọn yóò kọ̀wé béèrè owó, owó yóò jáde. Sáfà ńlá yóò mú kí ọ̀kadà yẹn sáré díẹ̀ sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ìgbà náà ni yóò ṣì lọ. Owó tí ì bá ra oògùn sí ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n fi ra irin, nítorí àṣẹ kan tí ẹnì kan gbàgbé láti tẹ̀. Bí sáfà náà kò bá sì ràn án, wọn yóò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni kò mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ òyìnbó.

Àwọn kan yóò dáhùn pé, ṣé kí ọ́fíìsì wá jókòó sórí ẹ̀dà àtijọ́ títí ayé ni? Rárá o. Ẹ̀dà PostgreSQL kọ̀ọ̀kan ń gba àtúnṣe fún ọdún márùn-ún péré. SQL Server 2014 tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti jáde kúrò nínú ìtọ́jú gbogbogbòò ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹni tí kò bá sọ tirẹ̀ di tuntun ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Kò sí ẹni tí ó ń bá wọn jà nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ìjà wà lórí pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìwọ̀n ọ̀n, wọ́n sì jẹ́ kí tálákà san owó àìbìkítà wọn. Àwọn oníròyìn náà kò sì mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí: wọn a ya fọ́tò ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, pẹ̀lú kéèkì àti rìbọ́ọ̀nù, wọn kì í padà wá ní ìparí oṣù láti wo ìlà àwọn tí ó dúró.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi ìyàtọ̀ hàn nípa ẹni tí ó yẹ kí ó dáhùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báǹkì TSB gbé àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, lọ sórí ẹ̀rọ tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Dátà dé láyọ̀, ẹ̀rọ ni kò lè gbé èrò tí ó ya lù ú. Oṣù Kejìlá ni nǹkan tó padà sípò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ tí ó ń bójú tó báǹkì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́ùn lé e lórí, yàtọ̀ sí mílíọ̀nù 32.7 pọ́ùn tí ó san fún àwọn oníbàárà tí ọ̀rọ̀ náà pa lára. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n bu ìtanràn 81,620 pọ́ùn lé ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní báǹkì náà nígbà yẹn, láti inú àpò ara rẹ̀. Wọn kò mú akọ̀wé ẹnu kaúńtà. Wọn kò sì mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn báǹkì ńlá kan ń pààrọ̀ ẹ̀rọ ìpìlẹ̀ wọn ní ìparí ọdún 2024, ẹ̀bẹ̀ ni àwọn oníbàárà rí gbà lórí fóònù wọn.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá kò le. Kí wọ́n mú rìpọ́ọ̀tù mẹ́wàá tí ó wúwo jù, kí wọ́n kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí wọ́n ṣe àdàkọ dátà, èyí tí ó tóbi bí ti gidi, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún orúkọ tí ẹni tí ó ń ta ọjà gbé wá. Kí wọ́n sọ àdàkọ yẹn di tuntun ná, kí wọ́n sì sáré rìpọ́ọ̀tù mẹ́wàá náà lórí rẹ̀. Èyí tí ó bá falẹ̀, kí wọ́n bi dátábéèsì ní ọ̀nà tí ó gbà: PostgreSQL, MySQL àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ní àṣẹ tí ó ń fi ètò ìrìn rẹ̀ hàn, tí ó ń sọ iye ìlà tí ó retí àti iye tí ó bá pàdé. Níbi tí ó bá ti retí mẹ́wàá tí ó sì bá mílíọ̀nù kan, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ sáfà àti sọ́fúwíà lọ́jọ́ kan náà, nítorí ẹni tí ó bá yí nǹkan méjì padà pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó ṣe é. Kí wọ́n má sì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń san owó oṣù.

Kí gbogbo èyí wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe: apá ìkẹyìn owó rẹ̀ kò ní jáde títí rìpọ́ọ̀tù mẹ́wàá yẹn yóò fi jáde ní àkókò tí kò ju ti àtijọ́ lọ. Bí ọ̀gá kan bá sì sọ pé àkókò kò sí fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ ìparí oṣù, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá arúgbó yẹn pé kí ó padà wá lọ́la.