Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Àjọ Gates Mú?

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ wa, àwọn obìnrin tó ń dá tọ́ńtìnì ní àpótí irin kan tó ní àgádágodo mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú, ẹni tí àpótí sì wà nílé rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pé, wọn á ka owó lójú gbogbo ènìyàn, wọn á sì tún un tì. Kò sí ẹni tó ń bínú pé wọn ò fọkàn tán òun. Bí ẹnìkan nínú wọn bá dìde pé kí òun, ọkọ òun àti ọ̀rẹ́ ọkọ òun jọ pín kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rín ni wọn á fi rín in lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti 2006 sí 2021, báyìí gan-an ni wọ́n ṣètò ọ̀kan nínú àwọn àjọ aláàánú tó lówó jù lọ láyé. Ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó àjọ Gates: Bill Gates tó dá Microsoft sílẹ̀, Melinda ìyàwó rẹ̀, àti Warren Buffett ọ̀rẹ́ wọn, olówó ńlá tó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ bílíọ̀nù dọ́là kún owó àjọ náà.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan àwa ará Ṣábẹ̀, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, nínú ọ̀rọ̀ ìdílé olówó kan ní Seattle lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ó kàn wá. Bílíọ̀nù 8.6 dọ́là ni àjọ náà yà sọ́tọ̀ láti ná lọ́dún 2024. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 600 fránkì sẹ́fà, ó lé ní bílíọ̀nù 5,000 fránkì. Ìsúná gbogbo orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún kan náà, owó oṣù olùkọ́, títì, ọmọ ogun, gbogbo rẹ̀ pátá, jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 3,200. Mílíọ̀nù 750 dọ́là láti ọwọ́ àjọ Gates ni wọ́n fi gbé Gavi dìde ní nǹkan bí ọdún 2000, Gavi yìí ló sì ń bá àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa san owó púpọ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí nọ́ọ̀sì ń gún fún ọmọ wa. Owó wọn wà nínú ogun tí wọ́n bá rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ jà títí wọ́n fi kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé irú rẹ̀ tó ti inú ẹ̀dá wá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó wà nínú abẹ́rẹ́ yírùnyírùn pẹ̀lú, àìsàn tó máa ń bá àwọn ará òkè Benin jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń ná tó báyìí lórí ọmọ ẹni, ó yẹ kí èèyàn mọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni ilé náà mì. Bill àti Melinda kéde pé ìgbéyàwó àwọn ti tú ká. Oṣù tó tẹ̀lé e, Buffett fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Nínú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ó wá ku méjì, àwọn méjèèjì tó sì dì wọ́n mú ń lọ síwájú adájọ́ láti pín ẹrù wọn. Ní oṣù Keje, wọ́n ṣe àdéhùn kan: wọn á jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì wò, bí kò bá wọ̀, Melinda ni yóò jáde, Bill yóò sì fún un lówó láti máa ṣe iṣẹ́ àánú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Melinda jáde pẹ̀lú bílíọ̀nù 12.5 dọ́là. Nígbà tó di 2025, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára pátákó.

A kò kọ èyí láti fi tọkọtaya ṣe yẹ̀yẹ́. Àárín lọ́kọláya lè dàrú nílé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú yàrá ṣe di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ní Áfíríkà. Fún oṣù mélòó kan, àwọn tó ń bá àjọ náà ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé ń bi ara wọn léèrè bóyá iṣẹ́ wọn yóò ṣì wà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn mìíràn. Strive Masiyiwa wọlé, ọmọ Zimbabwe tó dá Econet sílẹ̀. Minouche Shafik tí wọ́n bí ní Íjíbítì wọlé, àti Thomas Tierney ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Mark Suzman, ọmọ South Africa tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n tún mú Ashish Dhawan ọmọ Íńdíà àti Dókítà Helene Gayle kún un. Inú wa dùn sí ti Dókítà Gayle jù. Òun ló ṣe olórí àjọ CARE láti 2006 sí 2015, CARE yìí kan náà ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àwọn obìnrin abúlé ní Niger, nílé àwọn aládùúgbò wa, ní 1991. Ibẹ̀ ni ètò àpótí alágádágodo ti tàn káàkiri Áfíríkà. Ẹni tó ti darí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìmọ ìdí tí wọ́n fi ń pín kọ́kọ́rọ́.

Ìtẹ̀síwájú ni èyí, a kì í sì í fi ẹni tó ń tún ilé rẹ̀ ṣe bú. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: Bill Gates ló ṣì jẹ́ alága. Ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń gba olówó nímọ̀ràn, ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ tó lè sọ fún un pé rárá. Àwa ọmọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì kì í ṣe àwọn tó kàn ń jókòó ti ọba láti máa kan sáárá sí i. Baṣọ̀run àti àwọn ìjòyè yòókù lè kọ ọba, ọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá jí. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà ní Seattle tó lè kọ ohun tí Bill Gates bá ti fọkàn sí?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ibà wò. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ kéékèèké ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní RTS,S. Ìyá tó bá ti sùn sí ilé ìwòsàn rí nígbà òjò, pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, mọ ohun tí èyí jẹ́. Àjọ Gates ti ná lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là kí abẹ́rẹ́ náà tó jáde. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i, àjọ Gates sọ pé àwọn kò ní fi owó àwọn tààrà sí pínpín rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó wọ́n, agbára rẹ̀ kò tó bí àwọn ṣe fẹ́, kì í sì í pẹ́ lára. Wọ́n ní Gavi, tí àwọn náà ń fún lówó, yóò máa bá a lọ.

Ó lè jẹ́ pé wọ́n gba owó náà là fún ohun tó sàn jù. Oníṣòwò kì í da owó lé ọjà tí kò mú èrè wá. Ohun tí a ń bèèrè ni ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu, tó ti fi aṣọ tútù nu ara ọmọ oníbà rí láti òru mọ́jú? Nínú ìgbìmọ̀ Gavi, àga méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà. Àjọ Gates ní ọ̀kan, àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè tó ń gba abẹ́rẹ́ ní márùn-ún. Kò pọ̀, àmọ́ àwọn tó ń gbà wà níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Ní ilé Gates fúnra rẹ̀, kò sí àga kankan tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn.

Àwọn ìpinnu ńlá méjì mìíràn tún wà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Buffett sọ pé lẹ́yìn ikú òun, owó òun kò ní lọ sí àjọ Gates mọ́, àwọn ọmọ òun ni yóò máa pín in. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Bill Gates kéde pé àjọ náà yóò ná bílíọ̀nù 200 dọ́là láàárín ogún ọdún, yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2045. Owó wọn ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kí a sì sọ tòótọ́, ó dára kí olówó ná owó rẹ̀ nígbà tí àìsàn ṣì ń pa ọmọ, ju kó máa tò ó jọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Síbẹ̀, ìpinnu ẹnìkan ni méjèèjì.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ẹni tó ni owó bá jáde, àjọ á bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àjọ Ford kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìdílé Ford tó ń ṣe mọ́tò ló dá a sílẹ̀ ní 1936. Nígbà tó di 1976, Henry Ford Kejì fi ìbínú kúrò nínú ìgbìmọ̀ nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò ṣe ohun tó wù ú. Àjọ náà kò kú, ó wà títí dòní. Owó rẹ̀ pẹ̀lú ti Rockefeller ni wọ́n fi dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà á rántí kòkòrò funfun tó ń mu omi ara ewé ẹ̀gẹ́ gbẹ ní ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ IITA ló mú agbọ́n kékeré kan wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà tó borí kòkòrò náà, iṣẹ́ wọn sì wá fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Benin níbí. Gààrí tí à ń jẹ ní Ṣábẹ̀ lónìí ní ìtàn yẹn nínú.

Ká tó pa ọ̀rọ̀ Seattle tì, ẹ jẹ́ ká yíjú sílé. Àwọn olówó Áfíríkà náà ti ń dá àjọ sílẹ̀. Tony Elumelu dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 2010, àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò Benin sì máa ń kọ̀wé fún 5,000 dọ́là tó ń fúnni. Aliko Dangote ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè kan náà ló yẹ ká bi wọ́n. Kí a sì bi àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tó wà láàárín wa, àwọn tí ààrẹ, akọ̀wé àti akápò wọn ń jẹun nínú ìkòkò kan. A mọ̀ wọ́n. A kì í sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni tó gbẹ́ kànga fún wa ni, ojú á sì máa ti èèyàn láti béèrè ìwé owó lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ti ìjọba ló tóbi jù. Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Abuja, wọ́n ṣèlérí pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná wọn yóò máa lọ sí ìlera. Díẹ̀ ló tíì mú un ṣẹ. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID pa, èyí tí owó rẹ̀ ń ra àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn ibà fún Benin pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò bi wá kí wọ́n tó ṣe é. Àjọ Gates sọ tiwọn fún wa ní ogún ọdún ṣáájú, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Ṣábẹ̀ nísinsìnyí lè ti máa gbé ọmọ tirẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn náà.

Nítorí náà, a fẹ́ kí iléeṣẹ́ ìlera ní Cotonou máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún, ní èdè tí a gbọ́, pé abẹ́rẹ́ báyìí, Benin san èyí, Gavi san ìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè tí Gavi ń ràn lọ́wọ́ ló ń san ìpín díẹ̀ fúnra wọn. Ó yẹ ká mọ iye tiwa, kó sì máa ga sí i. Bí mẹ́rì àti ìgbìmọ̀ kọmíìnì bá sì tún jókòó lórí ìsúná, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ lọ bá wọn jókòó, ẹ ní kí wọ́n ka ìlà ti ìlera sí yín létí.