Ọ̀nà Haji Kò Bẹ̀rẹ̀ Ní Pápákọ̀ Òfuurufú

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Islam, àwọn kan ń sọ pé Haji ti rọrùn, pé bàálù tó bá gbéra l'Ékòó kò ní pẹ́ balẹ̀ ní Jeddah. Òótọ́ ni. Nǹkan bí 4,200 kìlómítà ni láti pápákọ̀ kan dé èkejì, bí a bá wọn ọ̀nà tó kúrú jù. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ní pápákọ̀?

Ọkọ̀ ojú omi ni ará Awoye yóò kọ́kọ́ wọ̀ dé Igbókòdá, kí ó tó rí mọ́tò. Òkun sì ti gbé ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Sabiili, èyíinì ni ọ̀nà, ni Al-Kurani dárúkọ ní Suuratu Al-Imran, aaya 97. Kò dárúkọ bàálù. Àwọn onímọ̀ fikihi sì ti là á yé wa pé oúnjẹ àwọn tí a fi sílẹ̀ nílé wà nínú agbára náà.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe tálákà etí òkun ní ọ̀lẹ ẹ̀sìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dandan. Ẹ fi owó yẹn ra ọkọ̀ ojú omi fún àwọn ọmọ ilé-kéú etí òkun. Kí Ọlọ́hun là wá lóye. Amin.