Bàbá Ti Lọ, Kóòdù Wifi Ńkọ́?

Lẹ́tà tó dé sí wa lọ́sẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Treichville, ní Àbíjàn. Ó ní kí a má dárúkọ òun. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Èjìgbò bíi tirẹ̀, di olóògbé ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Olóògbé ló ra ráútà ilé, èyí tí àwọn ará Àbíjàn ń pè ní box. Òun ló tò ó, òun náà ló ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Títí di òní, fóònù ìyá yìí àti ti àwọn ọmọ ṣì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ fi laptop kan ránṣẹ́ láti Èkó fún àkọ́bí ọmọ, tó fẹ́ ṣe ìdánwò BAC lọ́dún yìí, laptop náà sì ń béèrè kóòdù wifi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé. Oníṣẹ́ kan ládùúgbò ní kí wọ́n mú 15,000 fáráǹkì wá, kí òun dá box náà padà sí bó ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ìyá wa ń béèrè bóyá kí òun san án.

Ẹ kú ìrọ́jú, mà á. Ọlọ́run yóò bá yín wo àwọn ọmọ. Ẹ má tíì san owó yẹn, ẹ má sì jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn box yẹn. N óò sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kóòdù náà kò sọnù. Inú fóònù yín ló wà. Fóònù kò lè wọ wifi tí kò bá ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí olóògbé tẹ̀ ẹ́ sí i ni fóònù ti tọ́jú rẹ̀, tó sì ń lò ó fúnra rẹ̀ látìgbà náà. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí fóònù fi ohun tó mọ̀ hàn wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ara box fúnra rẹ̀. Ẹ yí i dojú dé. Ìwé kékeré kan sábà máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ wifi níbẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ SSID sí, ẹ ó sì rí kóòdù, tí wọ́n lè kọ "Clé WPA", "Clé de sécurité" tàbí "Mot de passe Wi-Fi" sí. Bí olóògbé kò bá yí i padà, kóòdù yẹn náà ni. Ẹ̀rí wà tí ẹ fi lè mọ̀: bí orúkọ wifi tó ń hàn lórí fóònù yín bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lábẹ́ box, ó ṣeé ṣe kí kóòdù náà má tíì yí. Bó bá jẹ́ orúkọ ìdílé yín ló ń hàn lórí fóònù, á jẹ́ pé bàbá ti fọwọ́ kàn án. Níbi tí kóòdù bá ti jẹ́ kìkì nọ́ńbà àti àwọn lẹ́tà A dé F, ẹ mọ̀ pé kò sí lẹ́tà O nínú rẹ̀ rárá. Òdo ni gbogbo ohun tó bá rí roboto. Ẹ sì ṣọ́ra fún 8 àti B. Èyí nìkan ti yọ ọ̀pọ̀ ilé nínú wàhálà.

Bí ìwé náà bá ti pa rẹ́, tàbí kóòdù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó yá, ẹ gbé fóònù. Lórí Android tí kò gbó jù, láti ẹ̀dà 10 tó jáde ní 2019, ẹ wọ "Paramètres", ẹ wọ "Wi-Fi", ẹ tẹ orúkọ wifi ilé yín, ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ "Partager" sí. Fóònù á ní kí ẹ tẹ kóòdù tí ẹ fi ń ṣí i tàbí kí ẹ fi ìka kàn án, lẹ́yìn náà á gbé àwòrán onígun mẹ́rin dúdú-òun-funfun kan jáde. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, kóòdù á wà lábẹ́ àwòrán náà ní kedere. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà fóònù mìíràn tó ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kà á. Bó bá kó ọ̀rọ̀ gígùn jáde, ohun tó tẹ̀ lé P: ni kóòdù. Fún ẹni tó ń lo iPhone, láti iOS 16 tó jáde ní 2022, ẹ wọ "Réglages", "Wi-Fi", ẹ tẹ lẹ́tà i kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ wifi, ẹ wá tẹ "Mot de passe". Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí kọ̀ǹpútà mìíràn bá wà nínú ilé tó ti ń wọ wifi náà, bóyá èyí tí bàbá fi ń ṣe ìṣirò ọjà, òun náà lè sọ̀rọ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí "Invite de commandes", kí ẹ tẹ èyí: netsh wlan show profile name="orúkọ wifi yín" key=clear. Láàrin ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó máa jáde, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ "Contenu de la clé" sí. Òun ni.

Ó wá kù síbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ní Àbíjàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n ti rí kóòdù, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú laptop lẹ́ẹ̀mẹta, laptop ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní box ti bàjẹ́. Ẹ wo ojú bọ́tìnì. Laptop tó ti Èkó wá, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi to lẹ́tà rẹ̀. Lókè ní apá òsì, Q, W, E, R, T, Y lẹ máa rí. Ti Faransé, A, Z, E, R, T, Y ni. Bí ẹni tó bá yín tò ó ní Àbíjàn bá fi èdè Faransé sí Windows, ohun tí ojú bọ́tìnì ń sọ àti ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ á yàtọ̀. Ẹ tẹ "admin", kọ̀ǹpútà á kọ "qd,in". Ẹ tẹ "2024", á kọ àwọn àmì tí ẹ kò retí. Páásíwọ́ọ̀dù sì rèé, àmì róbótó dúdú ló máa ń fi bò ó, ẹ kò lè mọ̀ pé nǹkan mìíràn lẹ̀ ń tẹ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ àwòrán ojú kékeré tó wà níbi tí ẹ ti ń kọ kóòdù, kí ẹ lè rí ohun tó ń wọlé. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ẹ bá rí FRA, ẹ di bọ́tìnì Windows mú kí ẹ tẹ àlàfo gígùn, kó yí sí ENG, bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi kún un nínú ètò èdè. Ó dá mi lójú pé nínú ilé ọmọ Èjìgbò, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan wà ní Àbíjàn, ẹsẹ̀ kejì wà nílé, ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yìí ń fa wàhálà ju kóòdù fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ tún rántí pé lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí laptop náà kò bá sì rí orúkọ wifi rárá, tí fóònù sì ń rí i, ó lè jẹ́ pé box ń fi ìgbì 5 GHz ránṣẹ́, tí laptop àtijọ́ kò sì mọ̀ ju 2.4 GHz lọ.

Bí ọmọ bá ní iṣẹ́ tí kò lè dúró, ẹ ra okùn Ethernet, kí ẹ ki orí kan bọ box, kí ẹ ki orí kejì bọ laptop. Okùn kì í béèrè kóòdù wifi.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ dá oníṣẹ́ yẹn dúró. Kóòdù méjì ló wà. Èkíní ni kóòdù wifi, tí ẹni tó fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀. Èkejì ni páásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọ inú box fúnra rẹ̀ láti yí ètò rẹ̀ padà. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò yẹn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́. Lórí box tó ń lo fáíbà tàbí okùn fóònù, ó lè jẹ́ pé orúkọ ìdánimọ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fún olóògbé wà nínú ètò náà. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, tí ìwé kò sì sí, kì í ṣe laptop nìkan ni kò ní wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àwọn fóònù tó ń wọ̀ náà á dákẹ́. Èyí tó ń lo káàdì SIM nínú lè béèrè PIN káàdì náà. Nígbà náà, 15,000 máa kéré. Títẹ ihò yẹn kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ìwé àdéhùn tí bàbá fọwọ́ sí, tàbí tí ẹ ti bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀.

Láti wọ inú box, ẹ wo àlàyé wifi lórí fóònù yín, ẹ wá "Passerelle". Nọ́ńbà bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 ló máa wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí òkè Chrome, níbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí. Páásíwọ́ọ̀dù tó máa béèrè sábà máa ń wà lábẹ́ box. Bó bá jẹ́ "admin" àti "admin" ló ṣí i, ẹ yí i padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ìparí 2016, nítòsí wa níbí, ní Liberia, ará Bìrìtìkó kan lo ohun èlò ilé onílé, tí ó ti fi Mirai gbà lọ́wọ́ wọn, láti kọ lu ilé-iṣẹ́ fóònù Lonestar. Ọ̀nà tí Mirai ń gbà wọlé kò ju pé kó máa dán páásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe wọ́n wò, bí ọgọ́ta àti díẹ̀, "admin" sì wà lára wọn. Ilé ẹjọ́ ní London sọ ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n ní January 2019. Àwọn tó ni ohun èlò wọ̀nyẹn kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú box, ẹ ka àwọn ohun èlò tó ń lò ó. Inú cour ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Treichville àti Adjamé, mo sì mọ̀ pé ó nira láti sọ fún ọmọ aládùúgbò pé kò sí wifi. Bàbá lè ti fún ẹni mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe lórí wifi yín, orúkọ yín ni ilé-iṣẹ́ máa rí. Côte d'Ivoire ti ní òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì láti June 2013, àwọn ọlọ́pàá PLCC sì ti ń lé àwọn tí Àbíjàn ń pè ní brouteur láti 2011. Opó tó ń tọ́jú ọmọ kò nílò irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹ yí kóòdù padà, kí ẹ tún un fún ẹni tí ẹ bá fọkàn tán. Bí box yín bá ní "Réseau invité", ìyẹn náà dára fún àlejò.

Ohun kan tó lè dà yín láàmú: bí laptop bá kọ "Connecté, sans Internet", kóòdù ti tọ̀nà nìyẹn, ibòmíràn ni wàhálà wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Àbíjàn níbí, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú dé Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí kóòdù tó lè ṣe nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó oṣù ni kò tíì wọlé.

Ìyẹn sì mú mi dé orí ohun tí ìyá wa kò béèrè. Orúkọ olóògbé ni àdéhùn náà wà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni ìsọfúnni owó ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí káàdì SIM bàbá kú, nítorí ilé-iṣẹ́ lè gba nọ́ńbà tí a kò lò mọ́, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, ẹ ní ẹ fẹ́ yí àdéhùn sí orúkọ yín, kí wọ́n ka ìwé tí ẹ máa mú wá fún yín kí ẹ tó wọ mọ́tò. Kí àkọ́bí bá yín lọ bí ọ̀rọ̀ Faransé bá le. Òun náà ló máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì yìí jù, torí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn BAC.

Bí ẹ bá ti rí kóòdù méjèèjì, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ wifi àti nọ́ńbà àdéhùn, kí ẹ fi sí ibi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ìbí àwọn ọmọ sí. Bírò ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù, kí ẹ sì fa ìlà gba àárín gbogbo òdo kó má baà dàbí lẹ́tà O.