Kí Aláìsàn Tó Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

Bí Mùsùlùmí kan bá fẹ́ lọ pààrọ̀ kíndìnrín ní Íńdíà, owó ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn jàmáà máa ń kọ́kọ́ dá jọ. Oore ńlá ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì gba ìwé iye owó, kí àpótí tó yí mọ́sálásí ká. Òfin Íńdíà ti ọdún 1994 ka títa ẹ̀yà ara ènìyàn léèwọ̀. Ìbátan tí yóò fi kíndìnrín tọrẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí ìbátan lọ́wọ́.

Oògùn ni wọ́n máa ń gbàgbé. Títí ayé ni ẹni náà yóò máa lò ó lójoojúmọ́, kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín tuntun. Bí owó jàmáà bá tán sí ọ̀hún, kí ni yóò fi rà á nílé?

Kí ó san gbèsè, kí ó sì kọ àsọọ́lẹ̀. Àwọn kan ní ìyẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ikú. Ọ̀rọ̀ òpè ni. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fẹ́ kí Mùsùlùmí tí ó ní ohun àsọọ́lẹ̀ sun òru méjì láì kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ alára líle pàápàá wà nínú àwọn tí ó bá wí.