Aago Ayédèrú Kò Lè Fi Ọkàn Ẹni Balẹ̀

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wà tí wọ́n sọ kíkó aago ọwọ́ ayédèrú jọ di iṣẹ́ ọnà. Bí a bá bá wọn wí, èsì wọn kì í pẹ́ jáde: "Owó tí wọ́n ń pe Rolex gidi ti pọ̀ jù. Kí ló burú bí a bá ra èyí tí ó jọ ọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wọn ń rí. Kí aago náà tó kúrò ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, ẹni tí ń tà á a ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Olùrà a tẹjú mọ́ ọn bí babaláwo tí ń wo ọpọ́n. Ṣé àmì orí 12 kò wọ́? Ṣé déètì wà láàrin ojú rẹ̀? Bí èyí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àyà rẹ̀ a tún máa já nítorí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé, ọdún dé! Ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe ayédèrú yóò fi gbé òmíràn jáde, tí ó tún jọ ojúlówó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tí ó fi ń yangàn lánàá, òun ni ó ń fi apá ẹ̀wù bò lónìí. Ni yóò bá tún rà.

Ní 1953 ni Rolex ṣe Submariner fún àwọn tí ń wọ abẹ́ omi. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ayédèrú rẹ̀ kò jẹ́ gbé e dé odò láìjẹ́ pé aláago ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ní orúkọ náà kò tó iye tí wọ́n ń pè é. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń wá orúkọ náà sí ojú aago yín? Ẹni tí ó bú òrìṣà lọ́jà, tí ó wá ń bọ ère rẹ̀ ní yàrá, àwòrò rẹ̀ ni.

Bí ó bá ṣe àkókò ni a fẹ́ mọ̀, Casio F-91W ti wà láti 1989. Kò wọ́n, àwọn tí ó ṣe é sì sọ pé kò ní í fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 yẹ̀ lóṣù. Rolex gidi lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 yẹ̀ lójúmọ́. Bí ó bá ṣe bí ẹ̀rọ inú aago ti ń yí ni ó wù wá, Seiko 5 ti wà láti 1963. Jíjù tí a ń ju ọwọ́ ni ó ń fún un lágbára. Ayédèrú tí wọ́n ṣe dáradára lè wọ́n ju ojúlówó Seiko yìí lọ!

Aṣọ àyálò kì í yẹni: bí kò fún ni lápá, a sọ ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí aago ọwọ́ wa máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, kí àyà wa má baà máa já nígbà tí ẹnìkan bá bi wá pé, "Aago mélòó lù?"