Kàtúùnù Tí Ó Ṣègbé: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Olùkọ́ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbáradì fún iṣẹ́ olùkọ́, mu.

Ní àkókò ìdánrawò ìkọ́ni kan, mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Anthony, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àlọ́ Ìjàpá ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò ka àlọ́ náà láti inú ìwé. Ó ti gé páálí ní àwòrán Ìjàpá àti Yánníbo, ó sún wọn díẹ̀díẹ̀, ó sì fi fóònù ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi di eré kàtúùnù. Eré náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sì tíì parí. Ibi tí Ìjàpá ti ń gun igi ni ó dúró sí. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ la ẹnu sọ Yorùbá ń du ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti sọ bí àlọ́ náà yóò ṣe parí. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní máàkì tí ó tọ́ sí i, mo bá tèmi lọ. Ní ọdún kejì, mo béèrè eré náà kí n lè fi kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Fóònù ti bàjẹ́, ẹ̀dà mìíràn kò sì sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́.

Irú àdánù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1917, ní Buenos Aires ní ilẹ̀ Ajẹntínà, Quirino Cristiani fi páálí gígé ṣe El Apóstol, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí eré kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ láyé. Ní 1926, iná jó ilé-iṣẹ́ Federico Valle tí ó gbé eré náà jáde, El Apóstol sì bá a lọ. Iná mìíràn ni ó gba Peludópolis, eré rẹ̀ ti 1931 tí ó ní ohùn, lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó yá. Fíìmù ayé ìgbà náà a máa tètè gbiná, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ti Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì tí ó fi òjìji páálí ṣe ìtàn Prince Achmed ní 1926. Ojúlówó fíìmù tirẹ̀ náà ṣòfò nínú ogun ní Berlin ní 1945. A ṣì ń wo eré náà lónìí nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ ti wà ní ibòmíràn. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn.

Ní agbègbè tiwa, Moustapha Alassane ti orílẹ̀-èdè Niger ṣe Bon voyage, Sim ní 1966, nínú èyí tí ọ̀pọ̀lọ́ ti jẹ́ ààrẹ. Alassane kú ní 2015, ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ kò kú. Ní Nàìjíríà, Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 kì í ṣe kàtúùnù, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. A ti gbà pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó wá rí i ní ibi ìkó-fíìmù-pamọ́ ti ìjọba ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ó dùn mọ́ni, ó sì tún ń ka ni láyà. Ọwọ́ wa ni nǹkan wà, a sì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ohun tí a kó pamọ́ tí a kò kọ sílẹ̀, díẹ̀ ni ó fi sàn ju èyí tí ó sọnù lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé eré ọmọ ilé-ìwé kò tó ohun tí a ń kó pamọ́. Èrò tèmi yàtọ̀. Àlọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, lè má sí nínú ìwé kankan. Bí ó bá fi ṣe eré tí ó sì sọnù, àlọ́ náà ni a pàdánù.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa ṣe nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a má fún ẹnikẹ́ni ní máàkì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀dà kan yóò fi wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, tí òmíràn yóò sì wà ní ilé-ìkàwé. Èkejì, kí a ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọdún, àlọ́ náà, àti ẹ̀ka-èdè ẹni tí ó pa á yóò wà. Ẹ̀kẹta, kí a gba èyí tí kò parí pẹ̀lú, àti páálí àti àwòrán rẹ̀. Ẹlòmíràn lè parí rẹ̀.

Páálí Ìjàpá àti Yánníbo nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ wa náà rí kó wá fún mi. Wọ́n wà nínú àpò ìwé lórí tábìlì mi títí di òní. Àwọn ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé náà. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.