Èwo Ni Júdásì Níbẹ̀?

Bóyá o ti rí àwòrán náà rí. Ó wà lára ògiri pálọ̀ ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta: Jésù jókòó láàrin tábìlì gígùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjìlá wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Bí àlejò bá dúró wò ó, kì í pẹ́ tí yóò fi béèrè pé, “Èwo ni Júdásì níbẹ̀?”

Leonardo da Vinci ló ya ojúlówó rẹ̀ sára ògiri yàrá ìjẹun àwọn àlùfáà Àgùdà kan ní Milan, ní Ítálì, ní nǹkan bí 1495 sí 1498. Ìgbà tí Olúwa sọ pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi Òun hàn ló yà (Mátíù 26). Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó ṣáájú rẹ̀ a máa fi Júdásì nìkan sí òdìkejì tábìlì. Leonardo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín àwọn yòókù ló fi í sí, tòun ti àpò owó lọ́wọ́. Ó wá ya Pétérù sẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ọ̀bẹ.

Wo Pétérù yẹn dáadáa, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe kàtídírà Aké. Ó ń wá ọ̀dàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, òun náà ti sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní 1652, àwọn onílé fúnra wọn ń fẹ ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ Jésù kúrò nínú àwòrán. Ní 1943, bọ́ǹbù ogun wó lára ilé náà, ṣùgbọ́n ògiri àwòrán kò wó. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ará, bí owó ìkórè bá dín, akápò là ń nawọ́ sí. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí, àbúrò là ń fura sí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn sàn jù wá lọ: nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, olúkúlùkù bi Olúwa bóyá òun ni.

Kí o tó tún lọ síbi Oúnjẹ Olúwa, bi í léèrè bẹ́ẹ̀. Bí ohun ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà. Bí o bá ti sẹ́ ẹ, má sá lọ. Pétérù sunkún, Olúwa sì gbà á padà. Kí Ọlọ́run fi ara wa hàn wá. Àmín.